Èèrà Ò Bo Ìtọ̀ Bàbá Mi: Ṣé Wọn Ò Ní Àtọ̀gbẹ Nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọdún 61 ni bàbá mi. Wọ́n máa ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóru, òùngbẹ sì máa ń gbẹ wọ́n. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ lọ́jà gún wọn níka, ẹ̀rọ ní ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 142 mg/dL. Ìyá alágbo àdúgbò wa ní irọ́ ni, ó ní kí wọ́n tọ̀ sílẹ̀, bí èèrà ò bá ti bò ó, kò sí àtọ̀gbẹ. A ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, èèrà ò wá. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gba ọ̀kankan gbọ́. 142 yẹn ò sọ nǹkan kan fún mi, torí ẹ ò sọ bóyá bàbá ti jẹun kí wọ́n tó gún wọn. Ẹni tó jẹ iyán ní wákàtí kan sẹ́yìn lè ní 142 kó má ní àrùn kankan. Ẹni tí kò fi nǹkan kan ẹnu láti àná, tó wá jí sí 142, ẹjọ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rojọ́ èèrà ná, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti sú mi.

Lóòótọ́, èèrà máa ń lọ síbi ìtọ̀ tó dùn. Àwọn oníṣègùn Íńdíà ayé àtijọ́ ti ṣàkíyèsí ẹ̀. Ní 1776, Matthew Dobson, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé òun gbé ìtọ̀ aláìsàn kaná títí omi inú ẹ̀ fi gbẹ, ohun funfun tó kù nídìí ẹ̀ sì dùn bíi ṣúgà. Ibi tí wọ́n ti ń tan yín jẹ ni pé wọ́n ní bí èèrà ò bá wá, ara ti le.

Kíndìnrín kì í fẹ́ kí ṣúgà ṣòfò. Bó bá ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣa ṣúgà inú ẹ̀ padà. Ó dà bí ọmọdé tó ń ṣa ẹ̀pà tó ń bọ́ lórí igbá ìyá ẹ̀: bó bá ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ṣà á tán, bí igbá bá dojú dé, apá ẹ̀ ò ní ká a mọ́. Igbá kì í sábà dojú dé àfi bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá tó bíi 180 mg/dL, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lára àgbàlagbà. Bẹ́ẹ̀ 126 láìjẹun la ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Láàárín 126 sí 180 yẹn, àrùn ti wọlé, ó ti jókòó, èèrà ò tíì gbọ́. Aláboyún tí kò ní àtọ̀gbẹ sì lè tọ ṣúgà. Ká má tiẹ̀ sọ ti ibi tí ọmọ ti da mínírà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin kan gbé ìtọ̀ wá fún wa nínú ike omi. Ó ti mu àgbo fún oṣù méjì, ó ti da oògùn ọsibítù nù, ó ní èèrà ti kúrò níbẹ̀, òun ti bọ́. A ti sítíríìpù, bébà tó ń yí àwọ̀ bí ṣúgà bá wà, bọ ìtọ̀ náà, kò yí àwọ̀. A gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ láìjẹun: 168. Nígbà tó bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ egbò kan lábẹ́ àtàǹpàkò. Kò mọ̀ pé egbò wà níbẹ̀ rárá.

Ní ti ẹ̀rọ ìka, ó dára fún ẹni tó ti mọ̀ pé òun ní àrùn náà, tó fẹ́ máa ṣọ́ ara ẹ̀. A kì í fi sọ ẹni tuntun di alátọ̀gbẹ. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tán gún ìka, ó jẹ́ 231. Ó fi ọṣẹ fọwọ́, ó di 104.

Ẹ mú bàbá lọ sí láàbù gidi láàárọ̀. Apá ni kí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, sínú tíúbù tí ọmọrí ẹ̀ ní àwọ̀ eérú, torí oògùn inú ẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè dín kù. Ẹ̀jẹ̀ tó bá wà nínú tíúbù lásán ṣì ń jẹ ṣúgà ara ẹ̀, bíi ìdá 5 sí 7 nínú 100 ní wákàtí kan. 130 aago méje lè di 115 kó tó di aago mẹ́sàn-án, wọ́n á sì ní kò sí nǹkan kan. Bó bá tó 126, kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Bí ìwé bá fi ìwọ̀n mìíràn gbé 7.0 mmol/L wá, 126 mg/dL náà ni, ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀.

Wọ́n lè fi HbA1c kún un, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta, 6.5 nínú 100 ni ààlà. Àmọ́ ẹ sọ jínótáìpù wọn fún oníláàbù. Ẹ̀jẹ̀ SS tàbí SC kì í pẹ́ kó tó kú, ó sì lè mú kí nọ́ńbà náà kéré lórí irọ́.

Mi ò rí bàbá o, dókítà ló máa dájọ́. Ìtọ̀ òru lọ́mọ ọdún 61 lè jẹ́ ti próstéètì pẹ̀lú, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ẹ bi dókítà. Bí wọ́n bá ń bì, tí wọ́n ń mí gúlegúle tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, ẹ má dúró de láàbù, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀.

Wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán ni kí wọ́n fi gbààwẹ̀, omi lásán nìkan ni kí wọ́n mu. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀kọ díẹ̀, oúnjẹ ni. Tíì tí kò ní mílíìkì náà, oúnjẹ ni.