Ṣé ọmọ tí ojú rẹ̀ kò yá, ọpọlọ rẹ̀ náà kò yá ni?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, dókítà, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, kì í tètè rí nǹkan. Bí òun àti àbúrò rẹ̀ bá ń ta géèmù, àbúrò ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Ẹnìkan ní bí ojú bá lọ́ra, ọpọlọ lọ́ra nìyẹn. Ó sì fẹ́ ta áàpù tó ń mú ojú yá fún mi. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, inú sì ti ń bí mi sí àwọn tó ń fi ìpayà òbí pawó.

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan kan, kò kàn gbọ́ ọ tán ni. Lọ́dún 1972, Douglas Vickers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Adelaide, ní Ọsirélíà, gbé ìdánwò kan jáde tí a ń pè ní inspection time. Wọ́n á fi ìlà méjì hàn yín fìrí, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, wọ́n á sì fi àwòrán mìíràn bò wọ́n kíá. Èwo ló gùn jù? Ẹ lè rò ó títí kí ẹ tó dáhùn, kò séni tó ń ka ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí ìlà náà ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó lójú kí ẹ tó lè dá a mọ̀. Ti ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ géèmù kọ́ là ń sọ. (Ó lè jẹ́ pé ṣe ni àbúrò ń méfò.)

Òótọ́ ni pé àwọn tí ìfìrí kékeré tó fún sábà máa ń gba máàkì tó ga nínú ìdánwò òye, IQ. Àmọ́ láti 0 (kò sí ìbátan rárá) dé 1 (ìbátan pípé), nǹkan bí 0.3 ni ìbátan náà. Bí a bá tún ìṣirò rẹ̀ ṣe nítorí àṣìṣe inú ìwọ̀n, ó lè tó 0.5. Kódà 0.5 yẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ṣàlàyé nínú ohun tó mú kí máàkì èèyàn yàtọ̀ síra. Ṣé ìyẹn la ó fi pe ọmọ kan ṣoṣo ní ọ̀dẹ̀?

Áàpù ńkọ́? Ẹni tó bá ń ṣe ìdánwò yìí lemọ́lemọ́ á mọ ọgbọ́n rẹ̀: bí wọ́n bá ti ń bo àwọn ìlà náà, èyí tó kúrú á dà bí ẹni pé ó ń nà. Máàkì á gòkè, ọpọlọ ò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó ki òṣùwọ̀n ìgbóná ara bọ omi tútù kò tíì wo ibà sàn.

Mi ò rí ọmọ yín o, ẹ má fi èyí rọ́pò àyẹ̀wò. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá ó ń rí pátákó láti ẹ̀yìn kíláàsì, kí ẹ sì wo bó ṣe ń sùn tó. Bó bá jẹ́ pé òjijì ni ìlọ́ra yìí dé, tàbí orí ń fọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni, lónìí.