Ṣé Ká Pààrọ̀ Ìwé Ẹ̀kọ́ Èdè Tí À Ń Lò Fọ́mọ Nílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ni mo ti ń kọ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún 8 ni. Ètò ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó kó ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà àti àròkọ pọ̀ sójú kan la ń lò láti ọdún tó kọjá. Ní báyìí, bí mo bá ti gbé ìwé náà sórí tábìlì, ẹkún ti dé nìyẹn. Iṣẹ́ tó yẹ ká fi ìṣẹ́jú 40 parí ń gbà wá ní wákàtí kan ààbọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jù ú sílẹ̀, kí n ra èyí tóun ń lò. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ má tíì náwó. Iṣẹ́ bíi mẹ́fà ni wọ́n dì pọ̀ sínú ìwé yẹn: pípe ọ̀rọ̀ látinú lẹ́tà, kíkà já gaara, àkàyé, sípẹ́lì, gírámà, àti kíkọ èrò ẹni sílẹ̀. Ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn ló sábà máa ń pa ọmọ lẹ́kún. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ ó da mẹ́rin tó ń ṣe dáadáa nù mọ́ ọn. Ìwé tí ọ̀rẹ́ yín ń lò lè dára gan-an, àmọ́ ibi tó ń ta ọmọ tirẹ̀ ló wò kó tó rà á.

Ẹ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ kí ẹ yẹ ọmọ wò. Ẹ mú ojú ìwé tí kò kà rí, irú èyí tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀, kí ẹ ka iye ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ dé 100. Kó kà á síta, kí ẹ̀yin máa fàlà sábẹ́ èyí tó bá ṣì. Bí àṣìṣe ò bá ju 5 lọ, ìwé náà bá a mu. Bó bá ti ju 10 lọ, ó ti ga jù ú lọ, ẹkún yẹn ò sì yani lẹ́nu. Ẹ tún wo irú àṣìṣe tó ń ṣe, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ ju iye rẹ̀ lọ. Ọmọ tó rí *horse* tó pè é ní *house* ń wo lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, ó wá ń méfò àárín.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ 10 tí kò nítumọ̀ sílẹ̀: *vap*, *shub*, *frint*, *thone* àti irú wọn. Kò lè ti mọ̀ wọ́n sórí tẹ́lẹ̀, nítorí náà bó ṣe pè wọ́n ni yóò fi hàn bóyá ó mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ìró. Bó bá gba 8, ìṣòro náà wà níbòmíràn.

Ẹ wá ka ìtàn kékeré fún un, kó sọ ọ́ padà. Bó bá yé e nígbà tí ẹ̀yin kà á, tí irú rẹ̀ kì í yé e bó bá dá kà á, ọ̀rọ̀ pípè ló ń dà á láàmú, àkàyé kọ́. Philip Gough àti William Tunmer, tí wọ́n ṣèwádìí nípa ìwé kíkà, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1986 pé kéèyàn sọ mímọ ọ̀rọ̀ pè di ìlọ́po pẹ̀lú gbígbọ́ èdè yé, ohun tó bá jáde ni ìwé kíkà tó yéni. Ìlọ́po ni wọ́n wí o, wọn ò wí àròpọ̀: bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀. Ìwé tó kún fún ìbéèrè àkàyé ò lè ran ọmọ tí kò mọ ọ̀rọ̀ pè lọ́wọ́.

Ní ti sípẹ́lì, ọ̀pọ̀ òbí máa ń ka iye àṣìṣe, wọn kì í wo ojú rẹ̀. Ẹ pe gbólóhùn 5 fún un ní àpèkọ, kí ẹ pín àṣìṣe sọ́nà mẹ́ta. *Jup* dípò *jump*: ìró kan bọ́ sọnù, etí ni kí ẹ tọ́jú, kó máa fi ìka ka ìró inú ọ̀rọ̀ kó tó kọ ọ́. *Rane* dípò *rain*: ìró pé, lẹ́tà tí kò yẹ ló lò; kó máa kọ *rain*, *train*, *paint* pọ̀ lójú kan fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún. *Jumpt* dípò *jumped*: kò tíì mọ̀ pé *-ed* ni ìrù tí wọ́n ń fi sọ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, bó ti wù kó dún létí. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé tún lè kọ *milik* dípò *milk*. Ẹ má fi ìyẹn bá ìwé wí. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra, *gb* pàápàá ìró kan ni. A kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Etí ọmọ ló ń fi fáwẹ́lì dí àlàfo. Ẹ jẹ́ kó máa pe *milk*, *silk*, *help* lẹ́nu dáadáa kó tó kọ wọ́n.

Èyí tó kù ni àròkọ. Kó sọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ bá a kọ ọ́. Ọmọ tó sọ gbólóhùn 6, tó sì jẹ́ ọ̀kan péré ló lè dá kọ, orí ẹ̀ ò ṣófo. Ọwọ́ tàbí sípẹ́lì ló dí i lọ́nà.

Bẹ́ ẹ bá ti rí ibi tó ń ta á, ẹ fi ọ̀sẹ̀ 4 tún ìwé tó wà nílẹ̀ lò. Ìwé kíkà ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀, sípẹ́lì ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn eré. Gírámà, ẹnu ni kó fi ṣe é. Bí ìbéèrè bá jẹ́ 12, tó gba 4 àkọ́kọ́, ẹ ṣí ojú ewé tó kàn. Ní ti ibi tó ń ta á, ẹ padà síbi tó ti ń gbà á dáadáa kẹ́yìn, kódà bó jẹ́ ẹ̀kọ́ 15 sẹ́yìn. Ẹ máa kọ ìṣẹ́jú àti àṣìṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́. Òbí tó ti rẹ̀ kì í rántí ọjọ́ tó dára.

Àwọn ìwé kan wà tí a ò ní ní kí ẹ fún ní ọ̀sẹ̀ 4 yẹn: èyí tó ní kí ọmọ wo àwòrán kó fi méfò ọ̀rọ̀, èyí tó ń fún un ní ìtàn tó kún fún *igh* àti *tion* nígbà tí kò tíì kọ́ wọn, àti èyí tí kì í wẹ̀yìn. Ẹ ṣí ẹ̀kọ́ 40. Bí ohun tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ 10 ò bá fojú hàn níbẹ̀ mọ́, ọmọ yóò gbàgbé, kì í sì í ṣe pé olódo ni.

Bó bá di rírà, ẹ̀yà tó ń dà yín láàmú nìkan ni kí ẹ rà. Ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ tó bá ìwé náà wá ni kẹ́ ẹ fi mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí tàbí kíláàsì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Sípẹ́lì lè fi odidi ọdún kan wà lẹ́yìn ìwé kíkà: dídá ọ̀rọ̀ mọ̀ lójú ìwé rọrùn ju fífà á yọ látinú orí lọ. Ìtòtẹ̀léra wọn náà ò dọ́gba. Ìwé kan á kọ́ *cake* kó tó kọ́ *rain*, òmíràn á yí i padà, ọmọ tó bá sì bọ́ sáàárín lè má kọ́ *ai* inú *rain* rárá. Ẹ to gbogbo rẹ̀ sójú ewé kan, kí ẹ máa fàmì sí èyí tó ti mọ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 10 mi ń gba gbogbo iṣẹ́ gírámà rẹ̀, àmọ́ bí mo bá ní kó kọ ìpínrọ̀ kan, kì í fi àmì ìdánudúró sí i. Ṣé ká bọ́ sí ìwé tó ga sí i?

Ìdáhùn: Rárá. Dídí àlàfo inú ìwé gírámà kì í ṣe ìwé kíkọ. Ìwé tó ga jù yóò kàn fún un ní àlàfo púpọ̀ sí i ni. Ẹ dín gírámà kù sí ìlàjì, kí ẹ fi àyè náà so gbólóhùn pọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ fún un ní *The dog was wet. The dog stood at the gate. It barked*, kó sọ ọ́ di ọ̀kan: *The wet dog stood at the gate and barked*. Kó kà á síta, kó gbọ́ ibi tóhùn ti sọ̀ kalẹ̀, kó fi àmì síbẹ̀. Tó bá kọ ìpínrọ̀, irú àṣìṣe kan ṣoṣo ni kí ẹ tún ṣe nínú ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìbéèrè: A ti lo ìwé ẹ̀kọ́ èdè mẹ́ta láàárín ọdún 2. Gbogbo wọn ló ń dùn níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì dojú rú.

Ìdáhùn: Àtúnyẹ̀wò ohun àtijọ́ ló sábà máa ń wà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn. Ẹ tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí ẹ ṣí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dúró. Bó bá jẹ́ orí ohun kan náà ni wọ́n ti ń dúró, bí àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ onísílébù méjì, òun ni kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ 6 kọ́ nínú èyíkéyìí tó bá wù yín. Kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí ọmọ wò. Bí wọ́n bá ní ara dá, tó sì ṣì ń pe ọ̀rọ̀ kan náà ní ṣíṣì lójoojúmọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa àìlè-kàwé ọmọdé.