Ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ tó ti dá: ẹ ṣì lọ ṣe àyẹ̀wò náà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ìtọ̀ yín pupa lẹ́ẹ̀kan, kò dùn yín rárá, ó sì ti mọ́ padà, ẹ wá ń bèèrè bóyá ó ṣì yẹ kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tí dókítà kọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ.

Báyìí gan-an ni tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kókó inú àpòòtọ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀ lónìí, kó dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, kó tó tún ṣe é. Pé kò dùn yín kò ní kí ọkàn yín balẹ̀. Òkúta inú kíndìnrín a máa roni gan-an, kòkòrò inú ìtọ̀ a sì máa ta ènìyàn, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ àpòòtọ̀ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀.

Ní ti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tí ẹ ń lò, òun ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù lọ́dọ̀ tèmi náà. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti ń wá. Ẹ má sì dá oògùn náà dúró fúnra yín o.

Wọn yóò yẹ ìtọ̀ wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, wọn yóò ya kíndìnrín ní fọ́tò, wọn yóò sì fi kámẹ́rà wo inú àpòòtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fọ́tò nìkan tẹ́ yín lọ́rùn, torí kókó tó kéré tàbí tó lẹ̀ pẹrẹsẹ lè bọ́ mọ́ ọn lójú. Kámẹ́rà yẹn ló ń já mi láyà jù. Wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì tó ń pa ìrora sí ojú ìtọ̀, ìyẹn ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde, tí wọ́n máa gbà ti kámẹ́rà náà wọlé, okùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tó ti fún mi díẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí n ṣe bí ẹni fẹ́ tọ̀, ó sì kọjá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti parí. Ìtọ̀ lè máa ta yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mu omi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tàbí tí ìtọ̀ kò bá jáde, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn kíákíá.

Wọ́n rí kókó nínú àpòòtọ̀ tèmi. Ojú ìtọ̀ náà ni wọ́n gbà yọ ọ́, láìla inú, kò sì tíì wọ inú ẹran ara ògiri àpòòtọ̀. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ mí wò títí di báyìí, torí ó máa ń padà wá.

Tí ẹ bá ti mu sìgá rí, kódà tó bá ti pẹ́ tí ẹ ti jáwọ́, ẹ sọ fún dókítà. Tí ọjọ́ tí wọ́n fún yín bá sì jìnnà, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fi ojú yín rí nínú ìtọ̀ ni.