Iléṣà Di Ihò Funfun Lójú Máàpù

Ẹ BI BÀBÁ ALÁMÁÀPÙ
Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, ẹ fojú fò ó bí ẹ kò bá ní sùúrù.

*Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Omi inú ọ̀rá ni mo ń ṣe ní Iléṣà. Mo fẹ́ dá ilé iṣẹ́ kejì sílẹ̀, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá kí n gbé e wá sí Ifẹ̀ tàbí kí n dúró sílé. Ọmọ mi tó mọ kọ̀ǹpútà lò bá mi wá fáìlì ààlà àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tún rí iye èèyàn ti ìkànìyàn 2006. Ó ní òun á so méjèèjì pọ̀ nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ká lè rí ibi tí èrò pọ̀ sí. Máàpù jáde lóòótọ́. Ibì kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ibì kan pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n Iléṣà méjèèjì, East àti West, funfun báláú bí ibi tí kò sẹ́ni tó ń gbé. Ṣé àwa kì í ṣe èèyàn ni? — Ìyá Olómi, Iléṣà.*

Ìyá Olómi, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Èèyàn ni yín, ẹ sì pọ̀. Mo ní kí ọmọ yín fi fáìlì méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, mo sì ṣí wọn lórí tábìlì ìjẹun mi ní Pàràkìn kí iná tó lọ. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Nínú fáìlì ààlà, báyìí ni wọ́n kọ ọ́: Ilesha East. Nínú àtẹ iye, báyìí ni: Ilesa East. Lẹ́tà h kan ṣoṣo ló da gbogbo rẹ̀ rú. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Iléṣà ni Iléṣà, wọn ì báà fi h sí i, wọn ì báà fi àmì sábẹ́ s. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá. Lẹ́tà ló ń fi wé lẹ́tà, bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, á ní òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Yóò kọ NULL síwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí iye kankan níbẹ̀, QGIS kì í sì í kun NULL ní àwọ̀. Ihò tí ẹ rí nìyẹn. Kí ọmọ yín má sì dá a lábàá láti kọ òdo síbẹ̀ o. Òdo ń sọ pé a kà á, a ò bá ẹnì kankan níbẹ̀.

Kì í ṣe Iléṣà nìkan. Ẹ ó rí Atakumosa, ẹ ó rí Atakunmosa. Ẹ ó rí Ayedaade, ẹ ó rí Aiyedade. Nígbà mìíràn orúkọ méjèèjì á bára mu rẹ́gí lójú, àfi àyè òfìfo kan tó sá pamọ́ sẹ́yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn. Mo ti fi odindi ọ̀sán kan wá irú àyè òfìfo bẹ́ẹ̀ rí, mo sì bínú sí kọ̀ǹpútà tí kò ṣẹ̀ mí.

Nítorí náà ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ọmọ Òṣómàáló, ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ kọ́ wa lọ́rọ̀ yìí. Òṣómàáló tó bá kọ "Ìyá Tọ́pẹ́" lásán sínú ìwé gbèsè, iwájú ilé Ìyá Tọ́pẹ́ wo ni yóò lóṣòó sí lọ́jọ́ tó bá lọ gbowó? Ilé ni wọ́n máa ń kọ mọ́ ọn: Ìyá Tọ́pẹ́ ilé alágbẹ̀dẹ, Ìyá Tọ́pẹ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú fáìlì, kóòdù ni ilé yẹn. Fáìlì ààlà Nàìjíríà tí ọ́fíìsì OCHA ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé sórí HDX, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sí, ní èyí tí wọ́n ń pè ní P-code. NG ni Nàìjíríà, NG030 ni Ọ̀ṣun, nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn á wá tẹ̀ lé e fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ yín kọ kóòdù kan náà síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ iye. Ìjọba ìbílẹ̀ 30 péré ló wà l'Ọ́ṣun, kò tó iṣẹ́ wákàtí kan. Lẹ́yìn náà kó wọ Properties, kó tẹ Joins, kó fi kóòdù so wọ́n.

Ọ̀fìn kan ṣì wà níwájú tó ti ń dúró dè é. Nínú àtẹ iye, ọmọ yín kọ 106,586 pẹ̀lú kọmá láàárín. Ọ̀rọ̀ ni QGIS máa kà á sí, kò ní kà á sí nọ́ńbà, tó bá sì dé ibi Graduated tí wọ́n ti ń pín àwọ̀, kò ní bá iye èèyàn níbẹ̀ rárá. Kó yọ àwọn kọmá náà kúrò látinú Excel kó tó gbé e wọlé.

Ṣùgbọ́n ihò funfun yẹn, oore ló ṣe yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ́fíìsì kan gbé iṣẹ́ máàpù abẹ́rẹ́ àjẹsára fún mi. Àtẹ iye gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà lọ́wọ́ mi, orúkọ ni mo sì fi so ó mọ́ ààlà Ọ̀ṣun. Kò sí ihò kankan. Máàpù náà dùn ún wò. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ká a, mo gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìkirun tẹjú mọ́ ìlú rẹ̀ títí, ó ní, "Bàbá, níbo lẹ ti kó gbogbo èèyàn yìí wá bá wa?" Ìfẹ́lódùn ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìkirun. Ìfẹ́lódùn mìíràn wà ní Kwara. Kọ̀ǹpútà ti gbé iye ti Kwara lé Ìkirun lórí, kò sì bi mí léèrè. Irépọ̀dùn náà wà ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, Súrùlérè wà l'Ékòó, ó tún wà l'Ọ́yọ̀ọ́. Láyé ìgbà tí mo ń fi kálàmù Rotring ya máàpù sórí tracing paper, bíléèdì ni mo fi ń ha àṣìṣe kúrò, àpá rẹ̀ á sì hàn kedere lójú bébà. Èyí tí mo gbé lọ fún nọ́ọ̀sì yẹn kò ní àpá kankan.

Ó wá ku ilé iṣẹ́ omi. Ìkànìyàn 2006 ka 106,586 sí Ilesa East, 103,555 sí Ilesa West. Ó ka 188,087 sí Ife East, 167,254 sí Ife Central. Tí ẹ bá fi iye èèyàn lásán kun máàpù, Ife East á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, Iléṣà méjèèjì á sì rí bí abúlé. Ta ló pín Iléṣà sí méjì? Ìjọba ni. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í béèrè ààlà kó tó ra omi. Ẹ pa East àti West pọ̀, ẹ ó rí 210,141, Iléṣà ti ju Ife East lọ nìyẹn, ẹyọ ènìyàn kan kò sì kó lọ kó bọ̀. Kó lè gún, ẹ pa ti Ifẹ̀ méjèèjì náà pọ̀: 355,341. Ọmọ yín lè fi Dissolve yọ ìlà tó wà láàárín wọn.

Síbẹ̀, epo ọkọ̀ tó ń já omi ló ń jẹ èrè yín, nítorí náà ẹ fi ìwọ̀n ilẹ̀ pín iye èèyàn. Ife Central jẹ́ kìlómítà 111 níbùú lóròó, ó kan nǹkan bí èèyàn 1,507 fún kìlómítà kan. Ife East jẹ́ 172, tirẹ̀ kò ju 1,094 lọ. Ilesa East, 71, ó kan 1,501. Ilesa West tí kò ju 63 lọ ló wá fún pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, 1,644. Ẹ ò rí i pé ẹni tó kéré jù nínú máàpù àkọ́kọ́ ti di ọ̀gá nínú èkejì. Ní Ife North, èèyàn 173 péré ló kan kìlómítà kan, ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹn náà tàn yín: kò sẹ́ni tó tú wọn ká sórí ilẹ̀ bí ẹni fúnrúgbìn àgbàdo. Ìpetumodù àti Ẹdúnàbọ̀n ni wọ́n kó jọ sí, oko ló pọ̀ nínú ìyókù, ẹ ò sì ní já omi fún igi kòkó.

Iye 2006 ti gbó. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ ìkànìyàn yẹn ti tó ẹni tó ń dìbò. Ẹ fi mọ ìlú tó ju ìlú lọ, ẹ má fi ka iye ọ̀rá tí ẹ ó tà. Tí ọmọ yín bá fẹ́ mọ ibi tí èèyàn kó jọ sí nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan, kó wo WorldPop, tó gé ilẹ̀ sí mítà 100 mítà 100, tó sì fojú bu iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìfojúbù ni o.

Tó bá jẹ́ èmi, Iléṣà ni màá kọ́kọ́ tà yó. Ṣùgbọ́n máàpù yín kò tíì mọ iye àwọn tó ti ń ta omi ṣáájú yín. Ẹ yá ọjọ́ méjì, ẹ wọkọ̀ yípo ìlú, kí ọmọ yín máa fi fóònù sàmì sí ilé iṣẹ́ omi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí. Kó wá gbé àwọn àmì náà lé orí máàpù, kó sì tún fi ránṣẹ́ sí mi.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Mo ní kí QGIS ṣírò bí ilẹ̀ Ife Central ṣe tóbi tó, ó ní 0.009. Kí ni 0.009? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀.*

Ọmọ mi, díígírì ni. WGS 84 ni ìlànà ìwọ̀n tí fáìlì rẹ ń lò, nọ́ńbà 4326. Díígírì ló fi ń wọn ayé, o sì lo area($geometry), tí kì í ro ohunkóhun, ó kàn sọ díígírì di púpọ̀ lọ́nà díígírì. Bí ẹni tó fi ago wọn aṣọ ni. Tún fáìlì náà gbé pamọ́ sí ìlànà ìwọ̀n mìíràn, UTM zone 31N, nọ́ńbà 32631, gbogbo Ọ̀ṣun ló bọ́ sínú rẹ̀. Mítà ló ń lò, ìdáhùn rẹ á sún mọ́ mílíọ̀nù 111, kó o wá fi mílíọ̀nù kan pín in. Tó o bá ń kánjú, lo $area, ìyẹn máa ń ro bí ayé ṣe rí roboto. Ṣé o mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ máàpù AFRIGIST, tí àwa àgbà ṣì ń pè ní RECTAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972, inú ọgbà OAU níbẹ̀ yẹn ló wà? Ẹsẹ̀ lásán ni wàá fi débẹ̀. Lọ kí wọn.

*Bàbá, àbúrò mi fi fáìlì .shp wọ́ọ̀dù wa ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kọ̀ǹpútà mi kọ̀ kò ṣí i. — Olùkọ́ kan, Ifẹ̀tẹ̀dó.*

Ó fi orí ránṣẹ́, ó gbàgbé ara. Shapefile kì í dá rìn. shp ni ìlà ààlà, shx ló mọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, dbf ló gbé orúkọ àti nọ́ńbà, prj ló ń sọ irú ìwọ̀n tí wọ́n fi yà á. Kó di gbogbo wọn pọ̀ sínú zip kan, kó má sì yí orúkọ ẹyọ kan padà.