Kí ni "meddle" túmọ̀ sí, báwo la ṣe ń lò ó?

"Meddle" ni kéèyàn máa tojú bọ ọ̀rọ̀ tí ò kàn án, àtojúbọ̀ gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni, "meddle in" lẹ máa lò, tó bá jẹ́ nǹkan téèyàn ń fọwọ́ kàn láìgbàṣẹ, "meddle with" ni. Níbí ní Kubwa, aládùúgbò wa kan máa ń bi ìyàwó mi pé ta ló wá kí yín lánàá, kí ló gbé wá, ìyẹn ni meddle in, àmọ́ ọmọ ẹ̀ tó ṣí mítà iná wa tó ń fa wáyà inú ẹ̀, meddle with nìyẹn, ó sì léwu gan-an o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "intervene" rọ́pò ẹ̀, ẹni tó la ìjà tọkọtaya ló ṣe "intervene", kò ṣe àtojúbọ̀ rárá.