Kí ni ìtumọ̀ "atrabilious" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ibo ló sì ti wá?

"Atrabilious" ni wọ́n ń pe oníkanra, ẹni tí inú ń tètè bí tí ojú rẹ̀ kì í sì í túká. Inú èdè Látìn ló ti wá: "atra" ni dúdú, "bilis" ni òróòro, òróòro dúdú ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn oníṣègùn Gíríìsì àtijọ́, àwọn ọmọlẹ́yìn Hippocrates, gbà pé omi mẹ́rin ló wà nínú ara: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro aláwọ̀ ìyeyè àti òróòro dúdú. Bí òróòro dúdú bá pọ̀ jù lára èèyàn, wọ́n ní á máa fajú ro, á sì máa kanra. Sáyẹ́ǹsì òde òní kò rí òróòro dúdú kankan. Èyí tó máa ń bẹ́ sórí ẹran tí a bá ń tú ìfun adìẹ, tó ń sọ ọ́ di kíkorò, àwọ̀ ewé ló ní.

Orúkọ tí àwọn Gíríìkì fún òróòro dúdú yìí náà ló bí "melancholy", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ìbànújẹ́. Ìdí nìyí tí "atrabilious" fi lè túmọ̀ sí oníbànújẹ́ nígbà mìíràn. Ìwé ló kù tí èèyàn ti ń rí i. Ṣàṣà ni ẹni tó ń fẹnu sọ ọ́.