Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Softball fún Àwọn Ọmọdé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọbìnrin 14 ni mo ń kọ́ ní softball nílé ẹ̀kọ́ wa, ìyẹn eré tó jọ baseball, tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀, tí ẹlòmíràn ń fi bátì gbá a. Àwọn kékeré inú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 9, àwọn àgbà ti pé 13. Ojú ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń ju bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ bàtà 43. Ti àwọn kékeré kì í dé, tó bá sì dé, òkè lókè ló ń gbà wá. Ṣé kí n ní sùúrù kó mọ́ wọn lára ni? (Tíṣà eré ìdárayá, Òmù-Àrán)

Kò ní í mọ́ wọn lára, Tíṣà, àfi kó ba ọwọ́ wọn jẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà 43, ti ọmọ ọdún 13 sókè ni. Nínú òfin tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀ ń jù láti ẹsẹ̀ bàtà 35, ọmọ ọdún 11 àti 12 láti 40. Bọ́ọ̀lù wọn náà yàtọ̀: íǹṣì 11 yíká fún ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀, íǹṣì 12 fún àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ọmọ ọdún 8 sísàlẹ̀, ibi púpọ̀ ló jẹ́ pé olùkọ́ ló ń bá wọn jù ú.

Tí ilẹ̀ bá jìn ju agbára ọmọ lọ, ṣe ló máa fi èjìká gbé bọ́ọ̀lù sókè kó ṣáà lè dé. Apá tó yẹ kó yí po tán, kó sì tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, á tú u sílẹ̀ níwájú àyà. Òkè tí ẹ rí yẹn nìyẹn. Bọ́ọ̀lù ńlá tún ń dá kún un. Ẹ ní kí ọmọ di bọ́ọ̀lù mú, kí ẹ wo àárín bọ́ọ̀lù sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí àlàfo níbẹ̀, ìka ló fi dì í mú, ó dáa. Tí àtẹ́lẹwọ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, bọ́ọ̀lù yẹn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá rò pé ilẹ̀ kúkúrú ń kẹ́ ọmọ bà jẹ́, kó bá wa ṣírò. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré máìlì 40 ní wákàtí kan máa rin ẹsẹ̀ bàtà 35 ní nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó ń sáré máìlì 50 máa rin 43 ní ìwọ̀n àkókò kan náà. Ojú tí ọmọ kékeré tó di bátì mú fi ń wò ó kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan la ní. Báwo la ṣe máa wọn ti softball sórí rẹ̀? (Ọ̀fà)

Tépù gígùn tí àwọn bíríkìlà ń lò, okùn, èèkàn àti ẹfun, ó parí. Ẹ má lo okùn ọ̀rá, ó máa ń fà.

Ẹ kan èèkàn síbi tí ṣóńṣó ẹ̀yìn home plate (pátákó tí ẹni tó di bátì mú ń dúró ti) máa wà. Ẹ na tépù láti ibẹ̀ tààrà lọ sí ìhà bésì kejì (bésì ni àwọn àpò tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sá lọ tẹ̀). Lójú ìlà kan náà, ẹ sàmì sí ẹsẹ̀ bàtà 35, 40 àti 43, kí ẹ sì kan èèkàn kejì sí ẹsẹ̀ bàtà 84 àti íǹṣì 10 pẹ̀lú ìdá mẹ́rin íǹṣì kan. Ẹ wá wọn okùn ẹsẹ̀ bàtà 120, kí ẹ fi bíìrò sàmì sí àárín rẹ̀ gan-an. Ẹ má ta kókó sí i, kókó máa ń jẹ okùn. Kí ọmọ kan di etí kan mú ní èèkàn àkọ́kọ́, kí òmíràn di etí kejì mú ní èèkàn kejì, kí ẹ̀yin fa àárín rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún títí okùn yóò fi le dan-in. Bésì kìn-ín-ní nìyẹn. Ẹ fà á sósì, ẹ ti rí bésì kẹta. Inú ìlà ni àpò bésì kìn-ín-ní àti ìkẹta máa wà. Ti ìkejì, àárín àpò ló máa jókòó lórí èèkàn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n wọn ọ̀nà ajùbọ́ọ̀lù láti iwájú home plate. Láti iwájú sí ṣóńṣó jẹ́ íǹṣì 17, ọmọ á sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i láìmọ̀. Ṣóńṣó ẹ̀yìn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kó parí sí iwájú róbà tí ajùbọ́ọ̀lù ń tẹ̀. Softball kò sì ní òkìtì bíi ti baseball, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, nítorí náà ẹ lè ṣí róbà náà nípò bí ẹgbẹ́ ọmọ bá ṣe yí padà.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 9. Ẹni tó ń ta òkìrìkà ní kí n ra bátì íǹṣì 32, pé ó máa dàgbà bá a. Ó tún ní ibọ̀wọ́ baseball. Ṣé kí n rà wọ́n? (Ìyá ọmọ, Tanke, Ìlọrin)

Bàtà ilé ìwé la máa ń rà kí ọmọ dàgbà bá, Mọ̀mí, kì í ṣe bátì. Íǹṣì 28 sí 29 ló bá ọmọ ọdún 9 mu. Ẹ wo nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò lára rẹ̀: -11 lára bátì íǹṣì 28 túmọ̀ sí pé áǹsì 17 ló wúwo (ẹ yọ 11 kúrò nínú 28), ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 480. Kí ọmọ fi ọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú, kó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ti ń gbọ̀n kí ẹ tó ka 20 tán, ẹ dá a padà.

Ẹ ṣọ́ra, bátì baseball ni wọ́n sábà máa ń tà fúnni bíi ti softball. Ikùn ti softball, ibi tó nípọn jù lára bátì, kò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì 2¼ lọ ní ìbú. Ti ibọ̀wọ́ náà rí bẹ́ẹ̀: bọ́ọ̀lù baseball jẹ́ íǹṣì 9 yíká, àpò ibọ̀wọ́ rẹ̀ kò jìn tó, bọ́ọ̀lù softball á máa ta jáde ni. Ẹ wá ti softball, nǹkan bí íǹṣì 11, tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa dé. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jù, ọwọ́ òsì ni ibọ̀wọ́ máa wọ̀.

Ṣé akoto ọ̀kadà ṣe é lò? (Ajàṣẹ́-Ìpo)

Rárá. Ó wúwo, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ ríran tàbí gbọ́ràn dáadáa. Èyí tó bo etí méjèèjì, tó ní irin níwájú ojú, lẹ máa wá. Kó jókòó ní ìwọ̀n ìka méjì sókè ìpéǹpéjú, kó má sì mì bí ọmọ bá gbọn orí. Ẹ gbé e síta sójú oòrùn kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹ bá rí ibi tó sán, kódà kó rí bí irun orí, ẹ má fún ọmọ kankan dé mọ́.